Dúlà tí ìjọba ń sanwó fún: ta ló ń gbóhùn ìyá ní yàrá ìbímọ Amẹ́ríkà?

Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, aláboyún tó bá ń lo Medicaid ní ìpínlẹ̀ New York lẹ́tọ̀ọ́ sí dúlà, ìyẹn ẹni tó ń dúró ti obìnrin nígbà oyún, ìrọbí àti lẹ́yìn ìbímọ, ìjọba ni yóò sì san owó rẹ̀. Ìbẹ̀wò 8 ni, àwọn kan kó tó bímọ, àwọn kan lẹ́yìn ìbímọ, pẹ̀lú ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500 dọ́là nígboro New York, 1,350 ní ìyókù ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà, Dókítà James McDonald, fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo tó kárí gbogbo aláboyún, kí obìnrin má baà tún máa wá ìwé lọ́dọ̀ dókítà tirẹ̀ kó tó rí dúlà gbà. Ìpínlẹ̀ tí Medicaid wọn ń san irú owó yìí ti ju 20 lọ báyìí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Oregon àti Minnesota ni a máa ń dárúkọ, ọ̀rọ̀ sì tán.

Medicaid ni ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ń dáwó sí, fún àwọn tí agbára wọn kò gbé owó ilé ìwòsàn. Nínú ọmọ 10 tí wọ́n ń bí ní Amẹ́ríkà, Medicaid ló ń san owó ìbí bíi 4. Nítorí náà, ohun tí Medicaid bá gbà láti san, ó dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù nìyẹn. Èyí tó bá kọ̀, olówó nìkan ló ń rí i lò.

Dúlà kì í ṣe agbẹ̀bí, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kì í gbẹ̀bí, kì í fún ni lóògùn, kì í yẹ ara wò láti mọ ibi tí ọmọ dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Nígbà tí oyún ṣì wà, ó ń bá aláboyún to àwọn ìbéèrè tó fẹ́ bi dókítà, ó ń ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún un, kí nǹkan má baà ṣàdédé bá a. Bí ìrọbí bá dé, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó ń bu omi fún un, ó ń ní kó dìde rìn díẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, ó ń wá sílé wò ó bóyá ọmọ ń mu ọmú, bóyá ẹsẹ̀ ìyá wú, bóyá orí ń fọ́ ọ ju bó ti yẹ lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, bí obìnrin bá ní "ohun kan ń ṣe mí" tí kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i, dúlà ló yẹ kó dúró tì í títí ẹnì kan yóò fi dáhùn. Alágbàwí ni. Ibi tí a kàn ń pàṣẹ fún aláìsàn ló sì ti ń ṣe é.

Àdúrà tí a máa ń ṣe fún aláboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ní Amẹ́ríkà tó lówó tó báyìí, ohùn ìyá ló ń sọnù. Ní 2023, obìnrin aláwọ̀ dúdú 50.3 ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ nínú ìbí 100,000. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 14.5. Ní 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà gbóná, iye ti àwọn aláwọ̀ dúdú gòkè dé 69.9. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ikú wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan láwọn ìpínlẹ̀ sọ pé ó ju 80 nínú 100 lọ tí a lè dènà, àti pé ó ju ìdajì lọ tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ keje sí ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí àwọn àlejò ìkómọ ti lọ tán, tí olúkúlùkù ti rò pé ewu ti kọjá. Àwa tó máa ń yára kí ọlọ́mọ tuntun pé ẹ kú ewu ọmọ, ó dà bíi pé a máa ń tètè kí i.

Àwọn kan á ní òṣì ló ń fà á. Òṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìlera ìlú New York ṣe àyẹ̀wò àwọn ìyá tí ìbímọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn láàrin 2008 sí 2012, wọ́n rí i pé obìnrin dúdú tó gboyè yunifásítì wà nínú ewu ju obìnrin funfun tí kò parí ilé ìwé girama lọ. Ìwé ẹ̀rí kò gbà wọ́n. Ní 2023, àjọ CDC tó ń mójú tó àrùn ní Amẹ́ríkà bi àwọn ìyá léèrè nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú wọn lásìkò oyún àti ìbímọ. Ẹnì kan nínú márùn-ún ní wọ́n hùwà àìdáa sí òun. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú, 30 nínú 100 ni. Ìyá 45 nínú 100 sọ pé ìbéèrè tàbí ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí àwọn gbé mì, tí àwọn kò sọ.

Gbogbo ayé ti sọ ìtàn Serena Williams títí ó fi ń sú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù ú lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2017 ló bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé ọmọ náà jáde. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí lọ́dún díẹ̀ ṣáájú, nítorí náà, nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un lẹ́yìn ìbímọ, kò méfò rárá. Ó dárúkọ ohun tó fẹ́: kí wọ́n ya fọ́tò CT tó ń fi inú ara hàn, kí wọ́n fún òun ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń jẹ́ kó máa sọ ìsọkúsọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá ya CT tó ti ń bèèrè, ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóòótọ́. Olówó ni, gbajúmọ̀ ni, ara rẹ̀ ló sì fi ń jẹun láti kékeré, débi pé kò sí ohun tó ń ṣe ara yẹn tí kò mọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní Brooklyn, tí kò ní nǹkan kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, báwo ni ohùn tirẹ̀ yóò ṣe rinlẹ̀ tó?

Pé kí ẹnì kan dúró ti obìnrin tó ń rọbí kì í ṣe oògùn tuntun. Àwọn ìyá wa kò dá rọbí rí. Ilé ìwòsàn ìgbàlódé ló lé ará ilé síta, tó ti ilẹ̀kùn, tó wá ń wá ẹ̀rí pé ẹni tí wọ́n lé síta wúlò. Ẹ̀rí náà sì wà. Ní 1980, John Kennell àti Marshall Klaus, dókítà ọmọdé tí wọ́n jẹ́ ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Guatemala: àwọn tí obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí dúró tì, ìrọbí wọn kò pẹ́ tó ti àwọn tó dá wà, wàhálà wọn sì kéré. Ní 1991, àwọn kan náà ṣe òmíràn ní Houston ní Texas, wọ́n pín obìnrin 412 tó ń bí àkọ́bí sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n sì fi àwọn 204 mìíràn ṣe ẹgbẹ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Ẹgbẹ́ kìíní ní dúlà tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ tó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹgbẹ́ kejì, obìnrin kan kàn jókòó sínú yàrá wọn, kò bá wọn sọ nǹkan kan, ó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta kò ní ẹnìkankan. Nígbà tó parí, àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ wọn jẹ́ 18 nínú 100 láàrin àwọn tó dá wà, 13 láàrin àwọn tí ẹlẹ́nu-dídì jókòó tì, 8 láàrin àwọn tó ní dúlà.

Ẹgbẹ́ kejì yẹn ni mo máa ń ronú sí jù. Obìnrin tí kò sọ̀rọ̀, tí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí ló ṣe? Kì í ṣe ara aláboyún nìkan ló ń balẹ̀ bí ènìyàn bá wà nítòsí. Ó jọ mí lójú pé òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà máa ń ṣọ́ra bí ẹlẹ́rìí bá wà níjòókòó. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ìjọba ń rà lọ́wọ́ dúlà ju ìfọwọ́ra lọ. Ojú ló ń rà, pẹ̀lú àkókò tí nọ́ọ̀sì tó ń sáré láti yàrá kan sí òmíràn kò ní.

Àwọn ìwádìí tó sún mọ́ ètò ìjọba náà wà. Láti 2010 ni ilé iṣẹ́ ìlera ìlú New York ti ní ètò By My Side ní àárín gbùngbùn Brooklyn, lábẹ́ Healthy Start, ètò tí ìjọba àpapọ̀ ti ń náwó lé lórí láti 1991 nítorí ikú ọmọ ọwọ́. Ọ̀fẹ́ ni dúlà tí wọ́n ń fún àwọn ìyá. Láàrin 2010 sí 2015, ọmọ tí kò pé oṣù kí wọ́n tó bí i jẹ́ 6.3 nínú 100 láàrin àwọn ìyá tó wà nínú ètò náà, nígbà tó jẹ́ 12.4 láàrin àwọn ìyá mìíràn ládùúgbò náà. Iṣẹ́ abẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní Minnesota, Katy Kozhimannil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2013 pé iṣẹ́ abẹ jẹ́ 22.3 nínú 100 fún àwọn ìyá tó ń lo Medicaid tí wọ́n ní dúlà, nígbà tó jẹ́ 31.5 fún àwọn tó ń lo Medicaid káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n kí a má gbé e gbòdì: obìnrin tó gbà láti ní dúlà lè ti jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Dúlà kò sì lè dá ẹ̀jẹ̀ tó ń ya dúró, kò lè sọ ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀. Bí gómìnà kan bá dìde tó ní dúlà ni òun yóò fi pa ikú abiyamọ rẹ́, ẹ rọra gbà á gbọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tètè yíjú sí obìnrin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń hanni léèmọ̀ ni owó. New York ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Ní 2019, lábẹ́ Gómìnà Andrew Cuomo, wọ́n fẹ́ dán an wò ní ibi méjì: Erie, níbi tí Buffalo wà, àti Brooklyn. Owó tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni 30 dọ́là fún ìbẹ̀wò kan, ìbẹ̀wò 8, àti 360 fún ọjọ́ ìbímọ. 600 dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Erie. Ní Brooklyn, àwọn dúlà ní rárá, ètò náà kò sì gbéra níbẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ gba dúlà ní Brooklyn ń san ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Ẹ ro iṣẹ́ náà wò. Ìrọbí lè gba wákàtí 20, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oyún bá ti ń sún mọ́ ọjọ́ rẹ̀, dúlà kò lè rìn jìnnà, kò lè gba iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀, fóònù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú lóru, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbé ọmọ tirẹ̀ tì nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é. Bí a bá yọ owó ọkọ̀ àti owó olùtọ́jú ọmọ nínú 600 dọ́là, kí ló kù?

Oregon burú ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀: 75 dọ́là ni Medicaid wọn kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó di 350, kó tó wá di 1,500 ní 2022. Kò yani lẹ́nu pé ní gbogbo ọdún tó wà láàrin, òfin wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn dúlà tó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ dúlà tó ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ obìnrin dúdú láti àdúgbò kan náà, àwọn náà ń san owó ilé. Bí ìjọba bá san owó táṣẹ́rẹ́ fún wọn, tálákà kan ló ń sọ pé kó ru ẹrù tálákà kejì, kí ìjọba wá gba ìyìn. Kódà níbi tí owó ti sunwọ̀n, ìwé wà níbẹ̀: dúlà gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, kó bá ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣàkóso Medicaid fọwọ́ sí ìwé, kó fi ìwé owó ránṣẹ́, kó sì dúró dè é. Ilé ìwòsàn ní akọ̀wé tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Dúlà ní tábìlì ìdáná rẹ̀.

Ìbéèrè tó le jù sì wà lẹ́yìn owó: ta ló gbọ́dọ̀ gba alágbàwí láàyè kó sọ̀rọ̀? Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí Kòrónà dé New York, àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni bá aláboyún wọlé, títí kan ọkọ rẹ̀. Àṣẹ gómìnà ló padà ní kí wọ́n gba ẹnì kan láàyè, tí obìnrin sì ní láti yàn: ọkọ ni, tàbí dúlà? Ó di òpin oṣù Kẹrin kí àṣẹ mìíràn tó jẹ́ kí dúlà wọlé ní tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn fi ipò dúlà hàn: àlejò ni lójú ilé ìwòsàn. Bó bá pariwo jù, wọ́n lè ní kó jáde; bó bá sì dákẹ́ jù, ìwúlò rẹ̀ dín kù. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín: wọn kì í bá dókítà jà, wọ́n á kàn yíjú sí aláboyún, wọ́n á ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún un ṣàlàyé fún ọ kí wọ́n tó ṣe é?" Ọ̀rọ̀ náà á sì ti ẹnu ẹni tó ni ara jáde.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Donna Ockenden, agbẹ̀bí àgbà kan, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ yẹ ikú àwọn ọmọ àti ìyá ní àwọn ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford wò, ìjábọ̀ wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá 2020 béèrè pé kí alágbàwí àgbà wà tí kò sí lábẹ́ ilé ìwòsàn tó ń bá wí. NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ti dán an wò láwọn agbègbè kan: òṣìṣẹ́ ìjọba ni alágbàwí náà, ìdílé tí ìbímọ ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ló sì ń ràn lọ́wọ́ láti gba ìdáhùn. Ó dára, àmọ́ lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló ń dé. Níbẹ̀ náà, ikú obìnrin dúdú nínú ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti obìnrin funfun lọ.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kan wá ju bí a ti ń rò lọ. Bí ọmọ wa bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, màmá ni a máa ń retí pé kó wá wẹ ọmọ. Màmá mọ omi gbígbóná, ó mọ ẹ̀kọ, ó mọ bí wọ́n ṣe ń di ikùn. Kò dájú pé ó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ lè kọ̀ tàbí tó lè béèrè nínú yàrá ìbímọ ní Houston, ọ̀pọ̀ màmá sì gbà pé ohun tí dókítà bá sọ ni abẹ gé. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà sọ físà àbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà di èyí tí a fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́ta, láti ìgbà náà sì ni ọ̀nà màmá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹni tó bá wà ní New York tó lóyún tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, kó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì Medicaid rẹ̀ kó béèrè dúlà. Kó má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú dí i lọ́wọ́: New York ń fi Medicaid tọ́jú aláboyún láìbèèrè irú ìwé tó ní. Ní Maryland, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, Medicaid ti ń sanwó dúlà láti 2022. Texas yàtọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2023 gba dúlà láàyè láti máa bá aláboyún tó ń lo Medicaid wá ìrànlọ́wọ́ kiri, ṣùgbọ́n jíjókòó tì í ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ba àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà lẹ́rù báyìí ni òfin ìnáwó tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025, tí yóò gé ju bílíọ̀nù 800 dọ́là lọ kúrò nínú owó Medicaid láàrin ọdún mẹ́wàá. Òfin náà yọ aláboyún àti ọlọ́mọ tuntun kúrò lára àwọn tó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n dúlà kò sí lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ fi dandan mú ìpínlẹ̀ láti san. Ìpínlẹ̀ ló fínnúfíndọ̀ fi kún un, ìpínlẹ̀ sì lè yọ ọ́ nígbà tí àpò bá gbẹ. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n ti dá àwọn òṣìṣẹ́ CDC tó ń bójú tó PRAMS dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n fi ń bi àwọn ìyá léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tí kò kà á kò lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù.

Ará Ondo á mọ bí irú èyí ṣe ń lọ. Ní 2009, Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò dá ètò Abíyè sílẹ̀, Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní health ranger ń tọ aláboyún lọ sílé, wọ́n ń fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tó wà ní Àkúrẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un, tí àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí nílé fi ń gba owó bí wọ́n bá mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn. Mímíkò kúrò ní 2017. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúlà ń lọ ní Amẹ́ríkà, kó fi ìkéde gómìnà sílẹ̀. Kó lọ wo iye tí wọ́n kọ síwájú ìbẹ̀wò kan nínú ìwé owó Medicaid ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí, iye oṣù tí dúlà fi ń retí owó náà, àti iye dúlà tó ṣì ń gba aláboyún tó ní káàdì Medicaid lọ́wọ́.